Ohùn Tó Mọ Ibi Tí Yóò Ti Dákẹ́

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ohùn wo lẹ pò pọ̀ yẹn?" Ìbéèrè yìí ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù máa ń bi mí jù lẹ́yìn ìsìn. Kí n tó fèsì, fóònù ti jáde, wọ́n ti ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ náà. Èrò wọn ni pé orúkọ ohùn ni gbogbo ọ̀rọ̀: bí wọ́n bá ti mọ píánò tí mo lò àti strings tí mo fi tì í lẹ́yìn, tiwọn náà á dún bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. N kì í dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n ohun tó mú àpòpọ̀ náà dára kì í hàn nínú fọ́tò, torí pé ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan kò ti dún ló wà.

Ọdún ti gorí ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní òde àríyá, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó ń to ohùn sórí kíbọ́ọ̀dù, ààlà ló ń pa. Kíkó ohùn jọ rọrùn, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á bá ọ ṣe é. Mímọ ibi tí ohùn yóò dé tí yóò fi dúró, ìyẹn niṣẹ́.

Ọ̀nà méjì la fi ń mú kíbọ́ọ̀dù kan ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èkíní ni split: a ó fi ààlà sáàárín àwọn kíì, ọwọ́ òsì á máa tẹ béèsì, ọwọ́ ọ̀tún á máa tẹ píánò. Èkejì ni layer: a ó tẹ kíì kan ṣoṣo, ohùn méjì tàbí mẹ́ta á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. A sì lè ṣe méjèèjì pọ̀, kí béèsì dá wà lósì, kí píánò àti strings jọ wà lọ́tùn-ún. Ohun tí Yamaha ń pè ní Left, Right 1 àti Right 2 lójú àwọn PSR tó kún ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyẹn.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́ ju iná mànàmáná lọ. Dùùrù onífèèrè inú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ní ìlà kíì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọwọ́ kan lè máa sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí èkejì. Ó sì ní àwọn stop tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ń fà jáde kí oríṣi fèèrè kan tún lè dún mọ́ òmíràn. Nígbà tí Laurens Hammond gbé dùùrù oníná tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1935, ó pa ìlànà yìí mọ́. Hammond B-3, èyí tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà sọ di tiwọn, ní ìlà kíì méjì, 61 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú pẹ́dáàlì 25 fún ẹsẹ̀. Ọ̀pá mẹ́sàn-án la fi ń po ohùn rẹ̀. A lè fa ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde dé ipele 8, a sì lè tì í wọlé pátápátá. Ẹ wo ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa: bí wọ́n ṣe ń fà ni wọ́n ń tì. Ẹni tó bá ti fa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jáde láti ẹsẹ orin kìíní, kí ló kù tí yóò fi gbé ẹsẹ tó kẹ́yìn ga?

Ilé ẹ̀kọ́ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà ni Fẹlá Ṣówándé kọjá, ẹni tó gba ìmọ̀ dùùrù lọ́dọ̀ Ekundayo Phillips ní Cathedral Church of Christ ní Èkó, kó tó lọ sí London, tó sì di ẹni tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀ nídìí dùùrù. Wọ́n kọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ bí a ṣe ń yan ohùn fún ẹsẹ orin kí wọ́n tó gbé ìka lé kíì. Àwa tí a bá kíbọ́ọ̀dù oníbọ́tìnì pàdé, ohùn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni wọ́n kó lé wa lọ́wọ́ láìsí ẹ̀kọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí split, torí òun ló kọ́kọ́ ń dààmú ènìyàn. Ọ̀pọ̀ PSR-E kéékèèké ti ní ààlà kan láti ilé iṣẹ́, orí F♯2, tí ojú ẹ̀rọ ń kọ ní 054. Kíì tí ààlà bá bọ́ sí yìí, apá òsì ló ni ín. Lórí kíbọ́ọ̀dù oníkíì 61, ìyẹn túmọ̀ sí pé 19 jẹ́ ti ọwọ́ òsì, 42 jẹ́ ti ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fọwọ́ kàn án títí ayé. Wàyí o, orin wà ní D, béèsì rìn láti D ìsàlẹ̀ dé D tó tẹ̀ lé e, ó sì tún gòkè dé F♯: kò sí wàhálà. Orin kejì bọ́ sí G. Béèsì gbéra láti G, ó ń gòkè bọ̀ wá sí G kejì, àfi bó ṣe kan nótì tó kẹ́yìn tí ohùn píánò gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Kì í ṣe ìka ló ṣìnà. Ààlà ni kò mọ orin.

Nítorí náà, orin ló ń pinnu ààlà. Kí n tó fi ààlà síbì kankan, mo máa ń tẹ ìlà béèsì orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì máa ń wo nótì tó ga jù tí ọwọ́ òsì mi dé. Ibẹ̀ tàbí kíì kan lókè rẹ̀ ni mo ń pààlà sí. Lẹ́yìn èyí ni mo tó wo ohun tó kù fún ọwọ́ ọ̀tún. Bí àyè bá ti há jù fún un, mi ò ní jà fún ilẹ̀. Màá gbé ohùn ọwọ́ ọ̀tún wá sílẹ̀ tàbí sókè ní octave kan, kí ìka lè wà níbi tó tù ú lára, kí ohùn sì wà níbi tó yẹ é.

Béèsì náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Okùn E tó nípọn jù lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. C tó wà ní ìpẹ̀kun òsì kíbọ́ọ̀dù oníkíì 61, bí a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ń gbọ̀n bí ìgbà 65. Béèsì tí a kò bá sọ̀ kalẹ̀ ní octave kan kò lè dé ibi tí gìtá béèsì ń dé. Á máa dún bíi gìtá lásán tó sanra. Àwọn ẹ̀rọ kan a máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fúnra wọn tí a bá ti yan ohùn béèsì, àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, etí la fi ń mọ̀. Ẹ sì rántí pé nótì kan lẹ́ẹ̀kan ni iṣẹ́ béèsì. Bí ẹ bá tẹ nótì méjì tó sún mọ́ra nísàlẹ̀ yẹn, ariwo ni yóò jáde nínú sípíkà.

Bí onígìtá béèsì bá sì wọlé nígbà tí orin ti bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Mo máa ń ní ètò kejì nílẹ̀ tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ní béèsì nínú rárá. Ẹni méjì kì í jókòó sórí àga béèsì. Bí kíbọ́ọ̀dù àti gìtá bá jọ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà nísàlẹ̀, ìyàtọ̀ díẹ̀ tó wà nínú àsìkò àti ìṣọwọ́dún wọn á mú kí ilẹ̀ máa mì, àwọn akọrin ò sì ní mọ ibi tí wọn yóò fẹsẹ̀ lé.

Layer ló ní ẹ̀tàn jù. Nínú headphone nílé, gbogbo ohùn tí a bá fi kún un ló máa ń dùn. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, iṣẹ́ wo ni ohùn yìí wá ṣe? Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo mọ̀. Ohùn kan wà tó ń là á: òun ló ń jẹ́ kí a gbọ́ ìgbà tí ìka kan kíì, bíi píánò. Òmíràn ń gbé e ró: òun ló ń wà nìṣó lẹ́yìn tí píánò bá ti ń kú lọ, bíi strings tàbí pad. Ìkẹta ń tàn lókè, bí ohùn agogo kéékèèké. Bí ohùn méjì bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà, wọn yóò jà. Píánò méjì tí a pò pọ̀ kì í di píánò ńlá: ìgbì ohùn méjèèjì kò bára mu tán, wọ́n á máa jẹ ara wọn níbì kan, wọ́n á máa wú níbòmíràn, èyí tó jáde á sì ní ihò nínú bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú páìpù.

Bí mo ṣe ń tò ó nìyí. Píánò nìkan ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́ títí yóò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Màá wá mú strings wá láti òdo, màá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí etí mi yóò fi bá a, màá tún wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Strings tó dára nínú layer ni èyí tí ìjọ ò mọ̀ pé ó wà, tí wọ́n á sì mọ̀ bí mo bá yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ń pààlà fún òun náà: n kì í jẹ́ kó dún nísàlẹ̀ C àárín, èyí tí MIDI ń pè ní 60. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, kọ́ọ̀dù tí ohùn rẹ̀ sún mọ́ra kì í yé etí mọ́, strings tí kì í tètè kú á sì wá di ẹrẹ̀. Píánò lè dá wà níbẹ̀, torí pé tirẹ̀ ń kú lọ fúnra rẹ̀. Ẹ rí i pé layer rere ní split nínú: ohùn méjì jọ ń rìn, ṣùgbọ́n ọ̀kan kì í bá èkejì délé.

Agbára ìka náà jẹ́ ààlà. Láti 1983 tí MIDI ti dé, a ti ń fi nọ́ńbà láti 1 dé 127 wọn bí a ṣe tẹ kíì lágbára tó. Ẹ̀rọ tó bá gbà fún un, mo lè sọ fún brass pé kó má dá sí ọ̀rọ̀ àyàfi tí mo bá tẹ̀ ẹ́ kọjá 100. Báyìí, gbogbo ẹsẹ orin á jẹ́ ti píánò, brass á sì fò sókè níbi tí ègbè bá ti gbóná, láìjẹ́ pé mo yọ ọwọ́ lórí kíì láti tẹ bọ́tìnì kankan. Èyí tó tún dára ju ìyẹn lọ ni pẹ́dáàlì fólúùmù tí a so mọ́ strings nìkan. Ẹsẹ̀ mi ló ń mú un wọlé, ẹsẹ̀ mi ló ń mú un jáde.

Ohun gbogbo tí a bá fi kún un ní owó tí a ń san, nótì ni owó náà. Roland Jupiter-8 tó jáde ní 1981 lè dún nótì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá fi ohùn kan lé òmíràn lórí rẹ̀, mẹ́rin péré ló kù. Ní 1988, Korg M1 jẹ́ ká lè kó ohùn tó tó mẹ́jọ pọ̀ nínú ohun tí wọ́n pè ní Combination, ṣùgbọ́n 16 ni gbogbo wọn jọ ń pín. Ẹ̀rọ òde òní pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ìṣirò náà ò yí padà. Ká ní kọ́ọ̀dù nótì mẹ́rin la tẹ̀, ohùn méjì ló wà nínú layer, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ stereo tó ń gba àyè méjì: àyè 16 ti lọ. Ká ní ẹsẹ̀ wà lórí pẹ́dáàlì tí a sì bọ́ sórí kọ́ọ̀dù kejì: ó di 32. Lórí PSR tí agbára rẹ̀ kò ju 32 lọ, nótì kan péré tí a bá tún fẹ́ tẹ̀ á mú kí ọ̀kan nínú àwọn ti àkọ́kọ́ gé lójijì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sọ pé kíbọ́ọ̀dù òun ti ń bàjẹ́, tó ń sọ pé ohùn ń já, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ yẹn pàápàá nílò ààlà. Bí sustain bá ń di gbogbo ohùn mú, béèsì ọwọ́ òsì á máa wọ́ nótì àná lẹ́yìn bọ̀ nínú nótì òní. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló gbà kí a pa sustain fún apá kan, kí a fi í sílẹ̀ fún òmíràn. Píánò ni mo ń fi í sílẹ̀ fún. Béèsì kò nílò rẹ̀, ohùn lead tó ń dún nótì kọ̀ọ̀kan kò nílò rẹ̀, strings tí kì í kú kò nílò rẹ̀. Ohun kan náà ni ti kẹ̀kẹ́ pitch bend tí a fi ń yí ohùn sókè-sódò: bí ó bá wà fún gbogbo apá, bí mo bá ti fà á fún lead, píánò tó wà lábẹ́ rẹ̀ á jọ yí ohùn padà bí ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ.

Nǹkan méjì míì ló máa ń ya àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu. Ohùn tó dùn nígbà tó dá wà lè di gbẹ bí a bá pò ó mọ́ òmíràn, torí pé reverb àti chorus tó ń ṣe é lẹ́wà kò tó gbogbo wọn pín. M1 kò ní ju effect méjì lọ fún gbogbo ohun tó bá wà nínú Combination. Nítorí náà, ẹ pinnu ẹni tí yóò ní effect kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ihò kan ni wọ́n ń fún kíbọ́ọ̀dù lórí mixer. Waya kan ló ń jáde láti L/Mono. Pad tó fẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún nínú headphone, bí òsì àti ọ̀tún rẹ̀ bá ti di ọ̀kan, apá kan lè pa apá kejì rẹ́, kó sì rù. Waya tí ẹ ó lò lọ́jọ́ ìsìn ni kí ẹ fi to ohùn yín.

Èmi ò tíì sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù fún àwa tí a ń ṣeré láàárín Yorùbá. Ìyáàlù wà lẹ́yìn wa. Bí onílù ṣe ń fún ọsán, tó ń tú u, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀, nínú ìlọsókè-sódò yẹn sì ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó gbọ́ èdè á mọ̀ pé oríkì ẹnì kan ló ń kì. Ìwọ̀n ohùn tí ìyáàlù ń lò fún ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ gan-an ni pad àti strings fẹ́ràn láti jókòó sí. Pad kì í yẹ̀. Ó ti mú nótì mẹ́rin dání, ó sì jókòó lé wọn. Ohùn ìlù tó ń yọ̀ láti òkè wá sí àárín á kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. A ṣì gbọ́ pé wọ́n ń lù, a ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ wo ọ̀nà tí àwọn onídùndún fúnra wọn gbà yanjú rẹ̀. Gúdúgúdú ń lu ohun tirẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í yí padà, ó le, ó sì kúrú. Àwọn omele ń di ìlù mú. Ìyáàlù nìkan ló láṣẹ láti rìn káàkiri. Bí kíbọ́ọ̀dù bá máa wọ àárín irú àwọn yìí, òun náà gbọ́dọ̀ wá iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò ṣe. Bí ìyáàlù bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ mi á mú strings kúrò, ọwọ́ ọ̀tún mi á gòkè ní octave kan, píánò á sì máa fọhùn ní kúkúrú, níbi tí onílù bá ti mí. Ètò yìí ní bọ́tìnì tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ mi, torí n kì í retí àkókò náà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohùn.

Èyí ló mú mi dé orí ìpamọ́. Registration Memory wà lórí PSR fún irú iṣẹ́ yìí. Bí ìsìn ṣe ń lọ ni kí ẹ tò ó, èyí tí ẹ máa lò ṣáájú ní iwájú, kí ọwọ́ má baà máa fò káàkiri. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, bí ẹ bá yí ètò padà nígbà tí nótì ṣì ń dún, nótì náà á gé. Ibi tí akọrin ti ń mí ni kí ẹ ti yí i. Ẹ sì fi ètò náà pamọ́ ní kété tí ẹ bá ti tò ó tán. Ohun tí a kò bá tíì fi pamọ́, iná tó lọ, tí wọn ò tíì tan gẹnẹrétọ̀, ló máa gbé e lọ. Ẹ fi ẹ̀dà kan sórí USB.

Ó ku transpose, ọ̀rẹ́ gbogbo wa. Olórí akọrin kì í sọ kíì tó fẹ́ kó tó dá orin. Àwa la ó wá a rí. Ọ̀pọ̀ ń fi ìka tẹ C, wọ́n sì ń fi bọ́tìnì wá ìyókù. Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ dán ààlà yín wò pẹ̀lú transpose: lórí ẹ̀rọ kan, ààlà ń dúró sórí kíì tí ìka ń tẹ̀, lórí òmíràn, ó lè tẹ̀ lé ohùn tó ń jáde, kó sì ṣí kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́nu ìdánrawò tó láti mọ èwo ni tiyín.

Mo mọ̀ pé kíbọ́ọ̀dù tuntun á máa jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì máa ṣèlérí ohùn púpọ̀ sí i. Combination orí Korg Kronos lè gba ohùn 16. Mi ò rí orin tí mo lò ó tán fún rí. Nígbà ìdánrawò, pẹ̀lú onílù, pẹ̀lú akọrin, pẹ̀lú waya kan ṣoṣo tó lọ sí mixer, mo máa ń pa àwọn ohùn inú layer ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè lẹ́yìn pé ibo ló lọ, n kì í dá a padà.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa kọ nǹkan kan sílẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ má kọ orúkọ ohùn. Ẹ kọ ẹni tí yóò dá orin àti ibi tí ohùn rẹ̀ wà, obìnrin ni tàbí ọkùnrin. Ẹ kọ bóyá gìtá béèsì ń bọ̀. Ẹ kọ bóyá ìyáàlù á wà níbẹ̀, àti ìgbà tí yóò sọ̀rọ̀. Ẹ fún gbogbo wọn ní àyè wọn tán. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni tiwa, ó sì máa ń tó.